Ta Ló Pa Tanwíji Aasiyah?

Gbogbo tanwíji inú abọ́ náà ló ti kú pátá, wọ́n léfòó sójú omi bí èérún tíì. Àmọ́ nísàlẹ̀ abọ́ yẹn kan náà, àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mélòó kan, àwọn olórí ńlá oníìrù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ní tiwọn. Wọ́n ń jẹ̀. Ara wọn dá ṣáṣá.

Nǹkan tó mú Inspẹ́kítọ̀ Ṣóbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn, tó ká ìró tó ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ò sì bìkítà pé ẹrẹ̀ ń ta sí i.

"Màdáàmù," Kọ́púrù Kọ́lápọ̀ ní, ó gbá ẹ̀fọn kan pa lọ́rùn ara ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, "ẹ má bínú o. Ẹ̀fọn ló kú. Ẹ̀fọn! L'Ékòó! Ṣebí ó yẹ ká ṣe sàráà ni."

"Ṣé ẹnu ẹ yẹn kì í rẹ̀ ẹ́? Bá mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ síbí."

"Ọ̀sán gangan?"

"Abẹ́ páànù yìí ṣókùnkùn. Tàn án jàre."

Ó tàn án. Kíá, àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn sá wọ abẹ́ ewé kan. Inspẹ́kítọ̀ tẹjú mọ́ wọn títí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: májèlé wo ló máa pa tanwíji tí ò ní fọwọ́ kan ọmọ ọ̀pọ̀lọ́?

Kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín bíi Kọ́lápọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Aasiyah ló ni tanwíji. Kíláàsì kan náà lòun àti Inspẹ́kítọ̀ wà, àwọn tó ń ka bàọ́lọ́jì lópin ọ̀sẹ̀ ní ẹ̀ka yunifásítì kan tó wà l'Ẹgbẹ́dá. Bẹ́ẹ̀ ni, Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ń kàwé! Ó ti rẹ obìnrin yìí láti máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà tó ń yẹ òkú wò, kó máa mi orí bí ẹni tó gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, kó sì jẹ́ pé kò gbọ́ ẹyọ kan. Ló bá gba fọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ tó lè bí ló ń bá jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mọ́mì.

Iṣẹ́ àṣekágbá Aasiyah nìyí: ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tí ẹ̀fọn alágídí bí máa lágídí ju ìyá ẹ̀ lọ. Ó ń da omi dóńgóyárò sórí tanwíji, èyí tó pọ̀ jù á kú, díẹ̀ á yè. Àwọn tó bá yè, á tọ́ wọn dàgbà sábẹ́ àwọ̀n títí wọ́n á fi yé ẹyin, á sì tún da omi dóńgóyárò sórí àwọn ọmọ wọn. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń ṣe é bọ̀, ìran lé ìran. Irú tanwíji bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè lọ bù ú nínú gọ́tà. Iṣẹ́ odidi ọdún ló wà nínú abọ́ oníke kan yẹn.

Àmọ́ tanwíji kọ́ ló ń dun Inspẹ́kítọ̀ jù. Abdulsobur ni. Ọmọ kíláàsì wọn náà ni, ó sì ti wà ní sẹ́ẹ̀lì láti àná, ọjọ́ Sátidé, torí pé wọ́n rí i tó ń yọ́ jáde lẹ́yìn ilé yìí tòun ti ike omi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ló wá ṣe? Ó dákẹ́. Ọ̀la Mọ́ńdè, wọ́n máa gbé e lọ kóòtù. Ọ̀la Mọ́ńdè yẹn náà ni ìdánwò àṣekágbá. Tí kóòtù bá ti dá a dúró, ìdánwò lọ nìyẹn, yunifásítì sì lè lé e dànù pátápátá.

"Tó o bá rí nǹkan kílẹ̀ tó mọ́, wá fi hàn mí," ọ̀gá téṣàn ti sọ fún Inspẹ́kítọ̀. "Tó ò bá rí nǹkan, lọ kàwé ẹ, má dà mí láàmú."

*

Aasiyah jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ìgbà wo lo rí wọn láàyè kẹ́yìn?" Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Fúráìdè, Mọ́mì, lọ́sàn-án. Mo fún wọn ní bisikíìtì tí mo lọ̀. Wọ́n ń jó ni."

"O wá rí òkú nígbà wo?"

"Àná, lẹ́yìn sànítéṣọ̀n. Gbogbo ilé la wà níwájú, à ń ko gọ́tà. Ìgbà tí mo máa padà sẹ́yìn báyìí..." Ẹkún tún gbọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti inú kọ́rídọ̀, ohùn àgbàlagbà kan gbà á: "Aasiyah, kí ló tún dé?"

"Màmá, ẹ jókòó jọ̀ọ́, kò sí nǹkan." Ó nu ojú. "Ìyá ìyá mi ni, Mọ́mì. Torí orúnkún ni wọ́n ṣe wá láti Ògbómọ̀ṣọ́."

Inspẹ́kítọ̀ ti kúnlẹ̀ kí màmá yẹn nígbà tó ń wọlé, màmá sì ti ṣàdúrà fún un. Ẹni gbogbo ló kí i, ẹni gbogbo ló sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

"Ta ló rí Abdulsobur?"

"Alhaji onílé. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni. Wọ́n pè é, kò dáhùn, ó kàn ń yára lọ. Mọ́mì, òun náà ń sin tanwíji o! Tiẹ̀ ti kú láti bí oṣù kan, ó po omi dóńgóyárò le jù, gbogbo ẹ̀ ló pa. Kò jẹ́ kí Dókítà Báyọ̀dé tó ń bójú tó iṣẹ́ wa mọ̀. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, èmi sì ń bá a káàánú. Àṣé inú ń bí i pé tèmi yè!"

"Àwọ̀n orí abọ́ yìí ńkọ́, ṣé o máa ń ṣí i sílẹ̀?"

"Háà, rárá! Rọ́bà ni mo fi ń dè é. Tí mi ò bá dè é, ẹ̀fọn ìta á wá yé sínú ẹ̀."

"Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́?"

"Ọmọ kí ni?" Aasiyah dìde, ó wá yọjú wo inú abọ́. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. "Mọ́mì, báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?"

"Nǹkan témi náà ń bi ara mi nìyẹn."

*

Alhaji Àmúsà onílé ò jẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó jáde wá tòun ti tẹ̀sùbáà ẹ̀.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ṣé wọn ò tíì gbé ọmọ yẹn lọ ni?"

"Ó kù díẹ̀, Alhaji. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ò fẹ́ràn abọ́ yìí."

"Èmi kẹ̀? Mo sọ ọ́, mi ò sẹ́! Ta ló ń sin ẹ̀fọn? Ẹ bá mi bi í, ta ló ń sin ẹ̀fọn? Ẹ̀fọn tá ò sìn gan-an, à ń sùn sábẹ́ àwọ̀n torí ẹ̀!"

"Ẹ ní òtapíapíà nílé?"

"Ta ni ò ní?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wá."

Ó gbé e wá. Ìgò náà ti fà dé ìdajì. Kọ́lápọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún Inspẹ́kítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ti gba promóṣọ̀n.

"Yàrá mi ni mo fọ́n ọn sí!" Alhaji ti ń làágùn. "Kí n má parọ́ fún yín, ó ti ṣe mí bíi kí n da díẹ̀ sínú abọ́ yẹn. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n má dán an wò, pé ọmọ ọlọ́mọ ń kàwé. Mo sì fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Màdáàmù, ká kúkú máa mú wọn lọ," Kọ́lápọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sùúrù. Lọ bá mi bu tanwíji wá nínú gọ́tà."

"Gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ko lánàá?"

"Kọ́lápọ̀, Ìgàndó la wà. Wàá rí."

Ó rí kẹ̀! Kò tiẹ̀ pẹ́.

Inspẹ́kítọ̀ gba ife onígíláàsì méjì lọ́wọ́ ìyàwó Alhaji. Ó fi ṣíbí bu omi ojú abọ́ Aasiyah sínú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló yọ síríńjì nínú báàgì ìwé ẹ̀, ó so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ ọn lẹ́nu, ó kì í bọ ìsàlẹ̀ abọ́ pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Omi ìsàlẹ̀ yẹn ló rọ sínú ife kejì. Ó wá pín tanwíji gọ́tà sínú méjèèjì, ó gbé wọn sórí fèrèsé, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Alhaji ń fa tẹ̀sùbáà kíákíákíá.

Ṣé ẹ ti wo tanwíji dáadáa rí? Inú omi ló ń gbé, àmọ́ kì í mí nínú omi. Ìdí ló fi ń mí. Á gbé ìdí sókè, á fi kan ojú omi, á fa afẹ́fẹ́, á wá yí ara kọ́lọkọ̀lọ padà sísàlẹ̀. Nínú ife omi ìsàlẹ̀, nǹkan tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Àmọ́ nínú ife omi òkè, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń kan nǹkan kan, wọ́n ń já bọ́. Wọ́n tún gòkè, wọ́n tún já bọ́. Nígbà tó yá, àwọn kan ò gòkè mọ́.

"Tó bá jẹ́ òtapíapíà ni, gbogbo omi ló máa dé," Inspẹ́kítọ̀ ní, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìsàlẹ̀ náà ò ní ṣe é gbé. Ojú omi nìkan ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, bíi ẹja ló ń mí ní tiẹ̀, ìsàlẹ̀ níbẹ̀, kò sí nǹkan tó ń wá lọ sókè. Ìdí tó fi yè nìyẹn. Wọn ò fún àwọn tanwíji yìí ní májèlé o. Wọ́n dé wọn mọ́lẹ̀ ni, wọn ò rí afẹ́fẹ́. Alhaji, ẹ lọ sinmi."

"Alihamudulilai!"

"Kẹ́ ẹ sì gbé ìgò yẹn kúrò níbi tọ́wọ́ ọmọdé ti lè tó o."

*

Inspẹ́kítọ̀ ya etí ìwé tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra fi kan ojú omi abọ́, ó sá a sóòrùn. Omi gbẹ. Àmọ́ ojú kan ṣì kù lára bébà náà tó ń dán, tèèyàn lè rí ọwọ́ ara ẹ̀ gba inú ẹ̀.

"Kí lèyí jọ lójú ẹ?" ó bi Kọ́lápọ̀.

"Bébà àkàrà."

"Wò ó, ó yẹ kíwọ náà wá ka bàọ́lọ́jì."

Epo ni. Epo díẹ̀ báyìí, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, ìdí téèyàn ò fi tètè rí i nìyẹn. Inspẹ́kítọ̀ wá mú àwọ̀n tí Aasiyah tú kúrò lórí abọ́, ó nà án. Àárín ẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀. Ó gbé e símú.

Kì í ṣe karosíìnì. Kì í ṣe òróró. Òórùn tó ti gbọ́ rí ni, òórùn ara ọmọ tuntun, òórùn yàrá ìyá ẹ̀ nígbà tóun náà wà ní kékeré.

"Àdín," ó ní.

"Àdín?" Aasiyah ò gbà gbọ́. "Ta ló ń gbé àdín kiri láti fi ba iṣẹ́ ẹni jẹ́? Mọ́mì, Abdulsobur mà ni. Ike yẹn, àdín ló wà nínú ẹ̀!"

"Jókòó ká jọ rò ó. Àwọ̀n yìí, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ lè gba inú ẹ̀ yé?"

"Kò lè ṣe é."

"Ẹnì kan ti ṣí i nìyẹn, tọ́mọ ọ̀pọ̀lọ́ fi wọbẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣí i yẹn náà ló da àdín, kí ló dé tí àdín fi wà lára àwọ̀n? Ẹni tó ti ṣí ìdérí ìkòkò, ṣé orí ìdérí ló tún máa da omi sí?"

Aasiyah mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Èèyàn méjì ló wá sídìí abọ́ yìí," Inspẹ́kítọ̀ ní. "Ọ̀kan ṣí i. Ọ̀kan ò ṣí i rárá, orí àwọ̀n ló da epo sí tó fi jò wọlé."

Ó dìde, ó gbọn ìró ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti kúrò lára abọ́. Kọ́rídọ̀ ló ń wò, níbi tí màmá àgbà yẹn ti na ẹsẹ̀ sórí ẹní, tó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó ní. "Gbogbo yín. Ìwọ náà, Aasiyah."

*

"Màmá, ẹ kú jókòó o."

"Wá, ọmọ mi, wá jókòó." Orúkọ màmá ni Sìdíkátù. Ó sún ẹní. "Ṣé wọ́n ti rí ìwé náà?"

"Ìwé wo, Màmá?"

"Èyí tí ọmọkùnrin yẹn jí. Ọmọ mi ń sunkún látàná pé wọ́n ti ba iṣẹ́ ìwé òun jẹ́. Tí mo bá bi í, á ní, 'Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.' Báwo ni màá ṣe fọkàn balẹ̀?"

Inspẹ́kítọ̀ wo orúnkún màmá. Ó ń dán. Ìgò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nǹkan dúdú tó wà nínú ẹ̀ ti fẹ́ tán.

"Àdín yín ti ń tán, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe orúnkún ló mu gbogbo ẹ̀ o. Mo fi díẹ̀ gba àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ wolé-wolé ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Fúráìdè lálẹ́, mo gbọ́ tí baba onílé ń pariwo pé sànítéṣọ̀n lọ́la, pé ilé tí wọ́n bá ti bá tanwíji, wọ́n á kó ẹni tó ni ín sínú mọ́tò dúdú. Àyà mi já! Torí mo ti rí abọ́ kan lẹ́yìn ilé, tanwíji kún inú ẹ̀ bí ìrẹsì. Mo ní, àwọn ọmọ ayé ìsinyìí, wọn ò mọ nǹkan tí wolé-wolé lè ṣe." Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀. "Torí tanwíji inú àmù ni wọ́n ṣe mú ìyá mi lọ kóòtù, ojú ọjà ni wọ́n mú un gbà. Mo wà lọ́mọdé, mo ń tẹ̀ lé e, mo ń ké. Látọjọ́ náà, ìyá mi ò jókòó sójú ọjà yẹn mọ́."

"Pẹ̀lẹ́, Màmá."

"Wolé-wolé yẹn náà ló kọ́ wa: omi tẹ́ ẹ ò bá lè dà nù, ẹ da epo lé e lójú, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á kú. Ṣé orúnkún yìí ló máa gbé abọ́ ńlá? Karosíìnì ni wọ́n ń dà nígbà yẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí abọ́ ọmọ mi máa rùn. Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, wọ́n ṣì ń sùn, mo rọra lọ da àdín lé e. Mi ò tiẹ̀ tú àwọ̀n orí ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sì ṣe sànítéṣọ̀n tán, wọn ò rí wa mú!"

Inú ẹ̀ dùn gan-an. Inspẹ́kítọ̀ wo ojú yẹn. Ó ti mú ìròyìn burúkú lọ fún èèyàn púpọ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun ló máa ń kan ilẹ̀kùn ẹni téèyàn ẹ̀ bá kú. Kò sí ìkankan tó wúwo tó èyí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Aasiyah?"

"Ta ló bi mí? 'Màmá, ẹ jókòó. Màmá, ẹ sinmi.' Mo sì jókòó náà."

"Màmá," Inspẹ́kítọ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú, òórùn àdín gba afẹ́fẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Mo ń lọ téṣàn, mo ń bọ̀. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti Aasiyah sọ."

*

Abdulsobur ti rù lóòjọ́ kan. Wọ́n mú un jáde, ó jókòó, kò wojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Ebi ò pa mí, Mọ́mì."

"Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ẹ ní kí n kí ẹ."

Ó gbójú sókè fìrì.

"Àwọ̀n wà lórí abọ́," Inspẹ́kítọ̀ ní jẹ́jẹ́. "Ọ̀pọ̀lọ́ ò lè yé síbẹ̀. Ẹnì kan ló da omi àbàtà sí i, tí ò mọ̀ pé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa tanwíji, ṣé omi àbàtà ló máa gbé wá? Oògùn ló máa gbé wá. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó tanwíji rere lọ, tí ò sì fẹ́ kí oní-nǹkan mọ̀ pé ó dín, á lọ bu tanwíji lásán wá láti fi dí i. Àbí irọ́ ni mo ń pa?"

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ bojú. "Ìṣẹ̀rí ni mo ti bù ú, Mọ́mì, ní àbàtà ẹ̀yìn ọjà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, yunifásítì á ní olè ni mí, mo jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Tí mi ò bá sọ, mo ní bóyá kóòtù ò ní rí ẹ̀rí." Ó ń sunkún báyìí. "Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń jáde yunifásítì lọ́dún yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé tanwíji mi kú. Mo jí i, Mọ́mì. Àmọ́ mi ò pa wọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Mo ti mọ ẹni tó..."

Ó ka ọjọ́ lọ́kàn. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni Abdulsobur wá. Àárọ̀ Sátidé ni màmá da àdín.

"Abdulsobur, àwọn tó o kó yẹn, níbo ni wọ́n wà?"

"Yàrá mi, nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Láàyè?"

"Wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n wá mú mi."

Ìjókòó Inspẹ́kítọ̀ ṣubú sẹ́yìn, kò dúró gbé e. "Kọ́lápọ̀! Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dà?"

*

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé abọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ níwájú ẹní Màmá Sìdíkátù. Abdulsobur ló gbé e, láti inú ọkọ̀ ló ti gbé e ka itan, ó ń wo omi, kò jẹ́ kó ta sílẹ̀. Ọ̀gá téṣàn ló ní kí wọ́n máa mú un lọ: tí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá gba ẹjọ́ padà, ó parí, tí kò bá gbà á padà, kí wọ́n dá a padà sí sẹ́ẹ̀lì.

Inspẹ́kítọ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, kò fi ìkankan pamọ́. Nígbà tó dé ibi àdín, Màmá Sìdíkátù gbé ọwọ́ kan bo ẹnu, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Àmọ́ Aasiyah ò wo ìyá ẹ̀ àgbà. Abdulsobur ló ń wò.

"O jí i."

"Mo jí i."

"Èmi tí mò ń bá ẹ káàánú! Mo ń pín nóòtì fún ẹ! Tí Màmá ò bá da àdín yẹn, èmi á máa tọ́ tanwíji gọ́tà, ìwọ á gbé tèmi lọ síwájú Dókítà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ!"

"Mi ò ní àwíjàre."

"Mọ́mì, ẹ dá a padà. Mi ò gba ẹjọ́ kankan padà."

Kò sí irọ́ nínú nǹkan tọ́mọ yẹn sọ. Kọ́lápọ̀ ń wo bàtà ara ẹ̀. Màmá Sìdíkátù ló wá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Aasiyah."

"Mà."

"Ẹni tó jí i ló tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló pa á." Ó nàka sí ìgò àdín ẹ̀. "Èwo nínú wa lo fẹ́ kí wọ́n gbé lọ kóòtù?"

Aasiyah kúnlẹ̀, ó wo inú abọ́. Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn alágídí ẹ̀, wọ́n ń gbé ìdí sókè, wọ́n ń jó.

"Kí lo fún wọn jẹ?" ó bi Abdulsobur láìwo ojú ẹ̀.

"Bisikíìtì tí mo lọ̀. Bíi tìẹ."

"Ó ti pọ̀ jù. Omi ti ń dọ̀tí." Ó fi ìka yọ ìfófòó kúrò létí abọ́. "Màá gba ẹjọ́ padà. Lọ ṣèdánwò ẹ lọ́la. Àmọ́ tó o bá ti jáde níbẹ̀, ìwọ fúnra ẹ ni wàá lọ bá Dókítà Báyọ̀dé, wàá sọ fún wọn pé tìẹ kú, wàá sọ nǹkan tó o ṣe. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Mi ò sì ní bá ẹ bò ó."

"Wọ́n lè ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo mọ̀."

Abdulsobur mi orí. "Màá sọ ọ́," ó ní, ó sì jọ pé ó ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Aasiyah gbé abọ́ náà sún mọ́ ẹní. "Màmá, ẹ sún síbí. Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. Ṣé ẹ rí èyí? Tó bá gòkè báyìí, ó wá mí ni."

Màmá tẹ̀ síwájú, ó ká orúnkún, ó fẹjú. "Ìdí ló fi ń mí?"

"Ìdí ni, Màmá."

"Áà! Wolé-wolé ò sọ ìyẹn fún wa o." Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò àdín ẹ̀, ó dé e pinpin, ó tì í lọ sí igun ògiri lọ́hùn-ún, ibi tí apá òun fúnra ẹ̀ ò lè tó.

"Sànítéṣọ̀n oṣù tó ń bọ̀ wá ńkọ́?" Kọ́lápọ̀ bèèrè. "Tí wọ́n bá bá a níbí?"

"Jẹ́ kí wọ́n wá," Màmá Sìdíkátù ní. "Màá fi ìró mi bo abọ́ yìí, màá jókòó tì í. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní omi àlùwàlá mi ni."

Inspẹ́kítọ̀ Ṣóbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ẹ̀ nínú báàgì, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.